Táítù ọkọ̀ àlòkù ní Amẹ́ríkà: òfin nótárì ìpínlẹ̀ wo lẹ máa tẹ̀ lé?

Ní Amẹ́ríkà, tẹ́ẹ bá ra ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan, tí kì í ṣe lọ́wọ́ dílà, táítù, ìyẹn ìwé ìjọba tó ń fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn, lẹ rà gan-an, torí pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín kò ní kí ọkọ̀ di tiyín. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló ń ṣe táítù yìí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ tiẹ̀ tó sì ń ṣòfin tiẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ẹni tó lọ rajà ní ìpínlẹ̀ míì.

Ohio, North Carolina, Kentucky, Oklahoma, Montana, gbogbo wọn ló fẹ́ kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ sáìn ẹ̀yìn táítù lójú nótárì (ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí sáìn), kí nótárì náà sáìn kó sì lu òǹtẹ̀. Pennsylvania náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ aṣojú tí PennDOT, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ níbẹ̀, fọwọ́ sí lè ṣe é dípò nótárì. Tẹ́ẹ bá dé Texas, New York, New Jersey tàbí Georgia, kò sóhun tó jọ ọ́, ẹni tó tà á sáìn, ẹni tó rà á sáìn, ó parí. Maryland tí àwa Yorùbá pọ̀ sí tún yàtọ̀: wọn ò béèrè nótárì lórí táítù, àmọ́ tí ọkọ̀ ò bá tíì pé ọdún 7, tí iye tẹ́ẹ lẹ́ẹ rà á sì fi 500 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ, MVA, àjọ ọkọ̀ ìpínlẹ̀ náà, á ní kẹ́ẹ mú ìwé ọjà tí nótárì ti lu òǹtẹ̀ wá. Kẹ́ni tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ta Camry fún ní owó pọ́ọ́kú tètè mọ̀.

Òfin ìpínlẹ̀ tó tẹ táítù lẹ máa tẹ̀ lé tó bá di sáìn ẹni tó ń tà á, kì í ṣe òfin ibi tẹ́ẹ̀ ń gbé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, ó sì ń káni lára, torí nǹkan tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni. Ká sọ pé ará Houston kan lọ ra Corolla ní Columbus. Lóòótọ́ Texas ò fẹ́ nótárì, àmọ́ bébà Ohio ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, àyè nótárì wà lẹ́yìn ẹ̀, tí àyè yẹn bá ṣófo wọ́n lè dá a padà ní ọ́fíìsì tax ní Houston, níbi tí wọ́n ti ń gba táítù tuntun, ẹni tó ta ọkọ̀ sì wà lọ́hùn-ún ní Ohio, bóyá kò tiẹ̀ gbé fóònù mọ́. Tó bá jẹ́ ará Columbus ló ra ọkọ̀ Texas, sáìn lásán ti tó lẹ́yìn táítù, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ yẹ VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wò, òun fúnra ẹ̀ á sì búra sí fọ́ọ̀mù táítù tuntun.

Tẹ́ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ nótárì (ọ̀pọ̀ báǹkì ló ní tiwọn), kẹ́ni tó ń tà á má tíì sáìn o, nótárì ò lè jẹ́rìí sí sáìn tí kò ṣojú ẹ̀. Á gba láísẹ́ńsì, á wo ojú, á wo orúkọ, orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ bá tiwájú táítù mu. Orúkọ ẹni tó ń rà á, iye owó, ọjọ́, máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ti kọ gbogbo ẹ̀ kí bírò tó kan ibi sáìn. Ti máìlì yẹn, òfin ìjọba àpapọ̀ ni, ó kan ọkọ̀ 2011 sókè títí tí á fi pé ọdún 20. Tẹ́ẹ bá ṣì í kọ, ẹ má fi tipex pa á, wọ́n lè kọ̀ ọ́, ẹni tó tà á á tún wá lọ gba òmíì. Tẹ́ẹ bá sì rí táítù tí wọ́n ti sáìn àmọ́ tí àyè orúkọ ẹni tó rà á ṣófo, ẹ sá fún un, ẹni tó ń tà á fún yín lè má tíì gbé e sórúkọ ara ẹ̀ rí.

Tí orúkọ báǹkì bá ṣì wà lórí táítù, ẹ gba ìwé pé wọ́n ti san lóònù tán.

Ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sílé bíi tòkunbọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà á gba táítù gidi tàbí ẹ̀dà tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 72 kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, fótókópì nìkan ò lè ṣe é.