Ọ̀rọ̀ Táyà Ni: Bí Eré Ìje Mọ́tò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ṣí ìwé alàwòrán lórí ìgbà àkọ́kọ́ eré ìje mọ́tò, ẹ fi awakọ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ wò, níbi tí wọ́n di táyà mọ́.

Ilẹ̀ Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ 22 oṣù Keje, 1894, láti Paris sí Rouen. Kìlómítà 126 ni, ó fi díẹ̀ ju Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn lọ. De Dion, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, ló kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kìíní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, torí ọkọ̀ rẹ̀ ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, ó sì nílò ẹni tí yóò máa koná fún un. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Peugeot àti Panhard ló pín in.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sáré láti Paris dé Bordeaux, wọ́n tún padà. Àwọn ọmọ ìyá Michelin tó ń ṣe táyà nìkan ló fi atẹ́gùn sí táyà. Ìṣó pátákò ẹṣin kún ojú ọ̀nà, ó ń lu táyà wọn lọ́tùn-ún lósì, wọn ò sì gba ẹ̀bùn kankan. Síbẹ̀, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó tún fẹ́ sáré lórí táyà tí kò ní atẹ́gùn.

Ìlú Le Mans ni ọ̀rọ̀ ti wá dé góńgó, ní 1906, níbi Grand Prix (eré ìje ńlá) àkọ́kọ́ ti Faransé. Ọjọ́ méjì gbáko, ìyípo 12, kìlómítà 103 níkọ̀ọ̀kan. Oòrùn mú títí ọ̀dà ojú títì fi yọ́. Táyà tó bá gbóná jù, rọ́bà rẹ̀ á ṣí kúrò lára aṣọ inú rẹ̀, á bẹ́. Òfin sì ni pé awakọ̀ àti mẹkáníìkì tó jókòó tì í nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀.

Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé táyà tó bẹ́ kúrò lára rímù, wọ́n á ki tíúbù tuntun, wọ́n á fi irin tẹ etí táyà wọlé, kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Ó tó ìṣẹ́jú 15. Fọganáísà Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́ tó ti bá táyà akẹ́rù jà lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí à ń wí. Michelin wá mú rímù tó ṣeé tú dé: táyà ti wà lára rẹ̀, atẹ́gùn ti kún inú rẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ péré ni. Kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó fi nǹkan bí kílò mẹ́sàn-án kún ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọkọ̀ tó bá ti súnmọ́ kílò 1,000 tí òfin gbà kò lè lò ó. Renault àti Fiat lò ó, àwọn méjèèjì náà ló sì gba ipò kìíní àti kejì. Ferenc Szisz, ọmọ Hungary tó wa Renault, fi ìṣẹ́jú 32 ṣíwájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló fi irú rímù náà sí.

Ní 1908, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Napier ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gbé èyí tí odindi ẹsẹ̀ ọkọ̀ á ṣeé yọ wá sí Grand Prix náà. Àwọn tó ń ṣètò kọ̀ jálẹ̀, Napier náà kò sì wá.