Bí Ihò Ṣe Ń Di Ọnà Lára Ìborùn Tí A Fi Abẹ́rẹ́ Hun

Ní erékùṣù Unst, tí ó wà ní ìpẹ̀kun àríwá Shetland ní ilẹ̀ Scotland, àwọn obìnrin a máa hun ìborùn kan tí ìbú àti òró rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, síbẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́ débi pé a lè fà á gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá. Irun ọrùn àgùntàn, tí ó rọ̀ ju ti ara rẹ̀ yòókù lọ, ni wọ́n fi ń ran òwú rẹ̀. Léèsì ni orúkọ irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí léèsì tí a fi ń dá aṣọ ẹbí. Léèsì Austria tí ó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa, aṣọ ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó kó iṣẹ́ sí i lára. Ti ìborùn yìí, aṣọ àti ihò ni wọ́n jọ ń dàgbà lórí abẹ́rẹ́.

Bí àwọ̀n apẹja ṣe ní ojú, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tí a fi abẹ́rẹ́ méjì hun ní ojú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba inú èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yọ jáde. Láti dá ihò sí i, ahunṣọ yóò fi òwú lọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan láìgba inú ojú kankan. Nígbà tí ó bá padà débẹ̀ ní ìlà kejì, yóò hun òwú tí ó lọ́ náà bí ẹni hun ojú gidi, ihò yóò sì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kan ti lé. Gbèsè ni, a sì ní láti san án nípa híhun ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan níbòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ yóò máa fẹ̀ sí i. Ojú méjì tí a fi abẹ́rẹ́ gbá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò fì sí ọ̀tún. Bí a bá kọ́kọ́ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí abẹ́rẹ́ kejì kí a tó ti ẹ̀yìn wọn hun wọ́n pọ̀, wọn yóò fì sí òsì. Fífì yìí ni a fi ń ya etí méjèèjì ọnà tí ó bá dà bí ewé.

Ibi tí a ti san gbèsè náà ṣe pàtàkì gan-an. Ọnà Shetland tí ń jẹ́ Old Shale, tí ó dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, fi èyí hàn kedere. Ojú 18 ni ìpín rẹ̀ kan. Ní ìlà tí ọnà wà, a ó hun ojú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó lọ́ òwú kí a sì hun ojú kan lẹ́ẹ̀mẹfà, a ó tún hun ojú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ihò mẹ́fà, ìhunpọ̀ mẹ́fà: ojú 18 náà pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ihò kóra jọ sí àárín, tí ìhunpọ̀ sì kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́, aṣọ yóò fẹ̀ níhìn-ín, yóò sún kì lọ́hùn-ún, gbogbo ìlà yóò sì máa bì síwá sẹ́yìn bí ìgbì òkun. Nínú ìborùn onígun mẹ́ta, ẹ̀wẹ̀, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi gbèsè kan sílẹ̀ láìsan: ihò kan ní etí kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú àárín ni kò ní ìhunpọ̀, nítorí náà ojú mẹ́rin ni ó ń kún un ní ìlà méjì méjì.

Ojú tí ó bọ́ nínú iṣẹ́ oníhò ṣòro láti gbé padà, torí a kì í mọ èyí tí ó jẹ́ ihò yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ àṣìṣe. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ahunṣọ fi ń ki òwú dídán tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gba inú gbogbo ojú tí ó wà lórí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìlà mélòó kan. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wọn yóò tú u dé ibi òwú náà, yóò sì dúró. Ẹni tí ó bá fo èyí nítorí ìkánjú yóò kábàámọ̀. Ó tún yẹ kí a dẹ ọwọ́ gan-an ní ìlà ìparí, nítorí etí tí ó le kì í jẹ́ kí ìborùn nà.

Nínà sì ni iṣẹ́ kù sí. Bí ìborùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí abẹ́rẹ́, ó máa ń rún jọ, ihò rẹ̀ kì í sì í hàn. A ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a ó fi táwẹ̀lì tẹ omi rẹ̀ jáde láìfún un, a ó wá fi píìnì nà án gbalaja sórí ibi títẹ́jú. Irun àgùntàn tí omi bá wọ̀ a máa dẹ̀, bí ó bá sì gbẹ tán, yóò dúró bí a ṣe nà án títí di ìgbà tí a bá tún fọ̀ ọ́. Òwú oníke tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà wa kì í gbọ́ ti omi. Ooru ni ó ń gbọ́, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù kàn án.

Nítorí nínà yìí, ẹni tí yóò hun súwẹ́tà oníhò ní láti kọ́kọ́ hun àpẹẹrẹ kékeré, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó nà án, kí ó tó wọn ojú rẹ̀. Bí ó bá dé abíyá, tí a ti ń dín ojú kù, tí kò sì sí àyè mọ́ fún ihò àti ìhunpọ̀ rẹ̀, kí ó pa méjèèjì tì, kí ó sì hun ibẹ̀ lásán.