Ìdìbò owó-orí ilé-ìwé ní Texas: àpò wo ni owó yín ń bọ́ sí?

Ẹni tó bá ra ilé sí Houston tàbí Katy mọ iye tí báǹkì ń yọ fún mọ́géèjì lóṣooṣù. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni pé owó-orí ilé wà nínú rẹ̀, àti pé ilé-ìwé ìjọba ló sábà máa ń kó ìdá tó pọ̀ jù nínú owó-orí náà. Texas kì í gba owó-orí lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni, nítorí náà ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n dojú kọ. Ìpínlẹ̀ ń fi tirẹ̀ kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n dọ́là 6,160 ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2019 títí di 2025. Lọ́dún 2025, dọ́là 55 péré ló gorí iye yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ya owó mìíràn sọ́tọ̀ fún owó oṣù olùkọ́. Àwọn ọmọ tó wá sí kíláàsì lójoojúmọ́ ni wọ́n sì ń kà, kì í ṣe gbogbo orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà. Ìnáwó ń ga, àfikún kò bá a dọ́gba, ni ẹkùn ilé-ìwé bá gbé ìbéèrè wá sínú ìwé ìdìbò yín ní May tàbí November.

Àpò méjì ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní. Nínú ìkéde ìpàdé ìṣúná tó gbọ́dọ̀ gbé jáde lọ́dọọdún, lẹ́tà tí ẹ máa rí ni M&O àti I&S. M&O ni wọ́n fi ń san owó olùkọ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, alásè, iná àti epo. I&S kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó san gbèsè lọ: ẹkùn á ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè, á fi owó rẹ̀ kọ́ ilé-ìwé, pààrọ̀ òrùlé àti ẹ̀rọ amúlétutù, ra bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ni owó-orí I&S á máa san gbèsè náà àti èlé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin kò gbà kí a fi owó bọ́ǹdì san owó oṣù. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí pé, “A dìbò fún bílíọ̀nù, wọ́n tún ń dá olùkọ́ dúró.” Kì í ṣe pé ẹnì kan jí owó náà, àpò tí wọ́n dìbò fún kò kan olùkọ́ ni.

Ìdìbò tó kan olùkọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní VATRE. November nìkan ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé bá fẹ́ gba owó M&O ju ibi tí òfin ní kó dúró sí láìbi ará ìlú léèrè. Sẹ́ǹtì 17 lórí dọ́là 100 ni òpin ohun tí ẹkùn lè fi kún ìpìlẹ̀ tí ìpínlẹ̀ là sílẹ̀. Nínú sẹ́ǹtì 17 yìí, àwọn oníṣirò ń pe 8 ní oníwúrà, wọ́n ń pe 9 ní onídẹ. Ẹkùn ló ni gbogbo ohun tí oníwúrà bá mú wọlé. Ti onídẹ, bí ẹkùn bá lọ́rọ̀, ìpínlẹ̀ lè gba apá kan rẹ̀ padà láti fi ran àwọn ẹkùn aláìní lọ́wọ́. Lọ́dún 1989 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Texas dájọ́, nínú ẹjọ́ Edgewood, pé ìyàtọ̀ àárín ẹkùn olówó àti ẹkùn tálákà ta ko òfin àpilẹ̀kọ ìpínlẹ̀. Òfin gbígba owó padà yìí sì jáde lọ́dún 1993. Houston gbìyànjú láti kọ̀ ọ́: ní November 2016 àwọn olùdìbò ní àwọn kò san. Ìpínlẹ̀ wá múra láti yọ àwọn ilé okòwò ńláńlá kúrò lábẹ́ ẹkùn náà kó sì fi wọ́n fún ẹkùn mìíràn. Ní May 2017, wọ́n tún dìbò, wọ́n gbà láti san.

Owó I&S kò sí lára ohun tí ìpínlẹ̀ ń gbà padà. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá rí ẹkùn olówó tó ń fi gbogbo ara polówó bọ́ǹdì.

Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti VATRE, ohun tó yẹ kí ẹ bi ìgbìmọ̀ ni pé: sẹ́ǹtì mélòó, oníwúrà ni àbí onídẹ? Bó bá jẹ́ bọ́ǹdì, ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n máa fi san án, kí ẹ sì wò ó bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ rà á pẹ́ tó gbèsè náà. Kọ̀ǹpútà tí kò ní lò ju ọdún márùn-ún lọ kò yẹ kó wà nínú gbèsè ogún ọdún. Òfin ti ní kí wọ́n ya ìbéèrè lórí pápá ìṣeré ńlá, ilé ìlúwẹ̀ẹ́ àti ẹ̀rọ ìgbàlódé sọ́tọ̀, nítorí náà ẹ lè gba ọ̀kan kí ẹ sì kọ èkejì.

Láti ọdún 2019, gbogbo ìwé ìdìbò bọ́ǹdì ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn kan ní lẹ́tà gàdàgbà: THIS IS A PROPERTY TAX INCREASE. Ó máa ń wà níbẹ̀ kódà bí ẹkùn bá búra pé iye tí òun ń gbà lórí dọ́là 100 kò ní yí padà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Houston ní November 2024: bọ́ǹdì bílíọ̀nù 4.4 dọ́là, ìbéèrè méjì, bílíọ̀nù 3.96 fún ilé àti ààbò, mílíọ̀nù 440 fún ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ẹkùn ní owó-orí kò ní ga. Ìwé ìdìbò ní ó máa ga. Méjèèjì ni wọ́n kọ̀. Gbólóhùn yẹn nìkan kọ́ ló pa á, nítorí ìpínlẹ̀ ti gba àkóso ẹkùn náà láti 2023, ọ̀pọ̀ olùdìbò kò sì fọkàn tán àwọn tó wà níbẹ̀. Ní tiwa, gbólóhùn náà àti ìbúra náà, ìdajì òótọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbèsè àtijọ́ ń tán, iye ilé ń ga, gbèsè tuntun lè rọ́pò rẹ̀ láìsí àfikún. Ṣùgbọ́n ká ní wọn ò yá tuntun ni, iye náà ì bá wálẹ̀.

Ẹ ṣírò tiyín. Bí ilé tí ẹ ń gbé bá tó dọ́là 350,000, tí ẹ sì ti gba homestead, ìyẹn ẹ̀dínwó fún ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé, dọ́là 140,000 kúrò nínú rẹ̀ fún owó-orí ilé-ìwé. Ó ku 210,000. Sẹ́ǹtì kan lórí dọ́là 100 á jẹ́ dọ́là 21 lọ́dún. VATRE sẹ́ǹtì 3 jẹ́ dọ́là 63. Ilé tí ẹ fi ń gba rẹ́ǹtì kò ní ẹ̀dínwó yìí, dọ́là 35 ni sẹ́ǹtì kan níbẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni gbígba homestead, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá kọ lẹ́tà pé òun á bá yín gbà á. Fọ́ọ̀mù 50-114 ni, ọ́fíìsì tó ń díyelé ilé ní county yín ni ẹ ó fún, kó tó di April 30. Bó bá ti kọjá, àyè ọdún méjì ṣì wà. Àdírẹ́sì orí láísẹ́ǹsì yín gbọ́dọ̀ bá ti ilé náà mu. Ibí ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ti ń padà.

Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 tún ní ẹ̀dínwó dọ́là 60,000 sí i. Owó-orí ilé-ìwé rẹ̀ ní òrùlé: kò ní ga ju ti ọdún tó kọ́kọ́ gbà á lọ, yálà VATRE wọlé tàbí bọ́ǹdì, àyàfi bó bá kọ́ yàrá kún ilé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé màmá yín ń gbé lọ́dọ̀ yín ni. Orúkọ wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ilé.

Ẹni tó ń rẹ́ǹtì lè dìbò. Bí owó-orí bá ga, lánlọ́ọ̀dù mọ ibi tó máa gbé e sí. Ẹni tó ní gíríìn káàdì ń san owó-orí, kò lè dìbò. Bí ẹ bá jẹ́ oní-gíríìn káàdì, tí òṣìṣẹ́ tó ń ṣe láísẹ́ǹsì sì bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò, ẹ sọ pé rárá, kí ẹ sì ka fọ́ọ̀mù kí ẹ tó fọwọ́ sí i: pípe ara ẹni ní ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí dídìbò lè mú kí wọ́n lé èèyàn kúrò ní Amẹ́ríkà.

Ó kéré tán, ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò ni orúkọ yín gbọ́dọ̀ ti wọlé. Àdírẹ́sì tó bá sọ pé Houston kò túmọ̀ sí pé Houston ISD, ìyẹn ẹkùn ilé-ìwé Houston, ni yín. Ó lè jẹ́ Alief, Katy tàbí Cy-Fair, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìbéèrè ilé-ìwé máa ń wà nínú ìwé ìdìbò November, lẹ́yìn gbogbo orúkọ adájọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sú.

Bí VATRE bá wọlé, owó rẹ̀ hàn nínú bíìlì ọdún yẹn gan-an, tó gbọ́dọ̀ di sísan kó tó di January 31. Ti bọ́ǹdì November sábà máa ń di ọdún tó tẹ̀ lé e. Báǹkì ló ń bá ẹni tó ní escrow, ìyẹn àpò tí báǹkì ń kó owó-orí sí nínú mọ́géèjì, san án; ìgbà tó bá tún ìṣirò ṣe ni mọ́géèjì á fò sókè, á sì gba àfikún tọdún yìí pọ̀ mọ́ gbèsè tó kù lẹ́yìn. Kí ẹ tó pe báǹkì, ẹ fi bíìlì tuntun wé ti èṣí, ìlà ilé-ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.