Bí Bóòtù Ọkọ̀ Ojú Omi Bá Há

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní etí omi Ìpakodò, ní Ìkòròdú níbí, orí bóòtù rẹ̀ ti já kí n tó fojú kàn án. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ tú u ti ki páìpù bọ ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, irin sì gé sínú ihò. Iṣẹ́ tí sùúrù díẹ̀ ì bá parí ti di iṣẹ́ dírílù. Ó dùn mí púpọ̀, torí ẹni tó bá mọ ohun tó há irin kò ní fipá mú un.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín: àlùmíníọ́mù ni ara rẹ̀, bóòtù rẹ̀ sì jẹ́ stainless, irin tí kì í tètè dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó ọkọ̀ onígbòkun àti àwọn irin tí wọ́n dè mọ́ ọn. Bí omi oníyọ̀ bá ráyè wọ àárín irin méjèèjì, iná mànàmáná tín-ín-rín á máa ṣàn láàárín wọn, àlùmíníọ́mù á sì máa jẹ. Èyí tó jẹ náà á di lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹfun, àyè tó ń gbà sì ju ti irin tó ti jẹ lọ. Òun ló ń fún bóòtù pa. Ní Ẹ̀pẹ́, omi wọn kò níyọ̀ bíi tiwa, bóòtù wọn kì í sì í tètè há. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi odò fà, omi òkun á gòkè wọ ọ̀sà.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha lẹ́búlẹ́bú náà kúrò lẹ́nu ihò. Lẹ́yìn náà, ẹ kán epo sí i. WD-40 ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré mú. Ó dára, àmọ́ lílé omi kúrò lára irin ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ní 1953. Epo tí wọ́n dìídì ṣe fún irin tó há máa ń wọlé jù ú lọ. Ẹ fi hámà kékeré gbá orí bóòtù, tọ́, tọ́, tọ́, kí epo lè ráyè wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún kán òmíràn. Òru ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ fún un.

Bí kò bá tíì gbọ́, ẹ lo ooru. Bí ara bá gbóná, àlùmíníọ́mù máa ń fẹ̀ ju stainless lọ. Nítorí náà, ẹ da omi híhó sí àlùmíníọ́mù tó yí ihò ká, ẹ má dà á sórí bóòtù. Ẹ fi sípánà olójú mẹ́fà tó bá a mu rẹ́gí fún un le díẹ̀, kí ẹ tó tú u. Bó bá yí, ẹ dá a padà, ẹ kán epo, ẹ tún yí i. Mi ò fẹ́ rí iná gáàsì nítòsí táńkì epo bẹntiróòlù rárá. Iná tó bá pọ̀ jù á sì sọ àlùmíníọ́mù di rírọ̀. Ní ara òpó, ẹ fi mọ sí omi híhó.

Ọ̀rọ̀ ìdè onískúrù tí wọ́n fi ń fa wáyà tó di òpó mú le yàtọ̀. Stainless ló wọnú stainless níbẹ̀, ó sì lè há láìdípẹtà: bí ẹ bá ń yí i ní gbígbẹ nígbà tí wáyà ṣì le, ojú skúrù á ya, á lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá ti gbọ́ tó ń han, ẹ dúró. Ẹ fi okùn mìíràn di òpó mú, ẹ dẹ wáyà náà, kí ẹ sì fi òróró sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń dá bóòtù padà, ẹ fi gírísì tí omi kì í fọ̀ kúrò pa á. Gírísì oníbàbà tí àwọn mẹkáníìkì mọ́tò fẹ́ràn kò yẹ àlùmíníọ́mù: bàbà inú rẹ̀ á mú kó tún máa jẹ kíákíá. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé lọ́dọọdún, ẹ tú wọn, kí ẹ fi gírísì tuntun sí wọn.