Rédíò Aláago Tòkunbọ̀: Ẹ Wo Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Ojú Rẹ̀

Lára ẹrù tòkunbọ̀ tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń tò síta ní Alábà l'Ékòó àti ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ọ̀kan wà tí kì í pẹ́ wọ ojú oníbàárà: rédíò kékeré tó ní aago, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń tàn pupa tàbí búlúù, tó sì ní ìjókòó kan lórí níbi tí a ti lè gbé fóònù tàbí iPod (ẹ̀rọ orin kékeré ti iléeṣẹ́ Apple) kalẹ̀ kó máa gba iná, kó sì máa kọrin. Owó rẹ̀ kì í wọ́n. Ìdí tí kò fi wọ́n ni mo fẹ́ là yé yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ra irú ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fún àtúnṣe, ló máa ń ṣàròyé kan náà: ó dún dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó tà á, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, fóònù kò wọ ìjókòó, tàbí aago rẹ̀ kò bá ti ara ògiri mu, tàbí kí èéfín tilẹ̀ yọ nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìjókòó yẹn ló ń fa oníbàárà, òun gan-an ló sì sọ ẹ̀rọ náà di ọ̀pọ̀. Lọ́dún 2003 ni iléeṣẹ́ Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ní eyín 30 (àwọn irin tín-ín-rín tí iná àti orin ń gbà kọjá) sí ìsàlẹ̀ iPod, ẹnu kan náà ni wọ́n sì gbé lọ sára iPhone nígbà tó jáde lọ́dún 2007. Bí iPod ṣe gba ìgboro Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, bẹ́ẹ̀ ni iHome, Sony, Philips àti àwọn mìíràn ń ṣe rédíò aláago tó lè gbé e jókòó, àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà sì ń rà á sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, iPhone 5 jáde pẹ̀lú ẹnu tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Lightning. Nígbà tó di ọdún 2023, iPhone 15 pa ìyẹn náà tì, ó gba USB-C. Ní ti iPod fúnra rẹ̀, Apple kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 pé àwọn kò ní í ṣe é mọ́. Nítorí náà, rédíò tí ẹnu ìjókòó rẹ̀ bá fẹ̀, fóònù tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é ló ń dúró dè. Rédíò kò bàjẹ́, aago kò bàjẹ́. Ẹni tó yẹ kó jókòó níbẹ̀ ni kò sí mọ́. Ohun tó mú kí àwọn ará òkè òkun kó o jáde nílé nìyẹn, tó fi wá bá wa nínú kọ̀ǹténà.

Bí ẹ bá tilẹ̀ ní iPod àtijọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má sáré yọ̀. Àwọn ìjókòó tó kọ́kọ́ jáde máa ń fi iná 12V bọ́ iPod láti ara eyín tí wọ́n ń pè ní FireWire, bẹ́ẹ̀ àwọn iPhone àti iPod tó jáde láti nǹkan bí ọdún 2008 kò gba ìyẹn mọ́, 5V ti USB nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ ó gbé e kalẹ̀, yóò kọrin, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ yóò máa tán lọ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ro pé fóònù àwọn ló bàjẹ́ nítorí èyí.

Ní ti àwa tó ń lo Tecno, Infinix, Itel tàbí Samsung, tí a sì pọ̀ ju àwọn onífóònù Apple lọ fíìfíì ní àdúgbò wa, ìjókòó eléyín 30 kò ṣe fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Philips ṣe díẹ̀ fún fóònù Android nígbà kan, tó ní ẹnu micro-USB, ṣùgbọ́n iná nìkan ni ẹnu yẹn ń fún fóònù. Bluetooth ni orin ń gbà wọlé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ka ìjókòó sí èènì. Ẹ dúnàá dúrà bí ẹni tó fẹ́ ra rédíò àti aago, kí ẹ má fi kọ́bọ̀ kan lé e nítorí ihò tó wà lórí, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà bóyá ẹ ó rí ihò róbótó kan tí wọ́n kọ AUX tàbí LINE IN sí. Wáyà olórí méjì tí kò wọ́n, irú èyí tó máa ń wọ ihò ìgbọ́tí fóònù (ibi tí a ń ki earpiece bọ̀), ni yóò so fóònù yòówù mọ́ ibẹ̀. Bí fóònù yín kò bá ní ihò ìgbọ́tí (iPhone kò ní i láti orí iPhone 7 lọ́dún 2016), ẹ ó nílò Bluetooth. Bí rédíò náà kò bá sì ní Bluetooth, àwọn tó ń ta èlò fóònù ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba orin láti orí Bluetooth sínú ihò AUX. Rédíò tí kò ní AUX, tí kò ní Bluetooth, tó jẹ́ ìjókòó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló ní, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní iPod.

Wàyí o, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀ tàbí sára ṣájà rẹ̀. Ibí yìí ni owó ti máa ń ṣòfò jù. V ni agbára iná, Hz sì ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá rí INPUT: 100–240V, 50/60Hz, ọkàn yín balẹ̀, ibi gbogbo láyé ni irú ṣájà bẹ́ẹ̀ ti lè ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí 230V tàbí 240V, 50Hz, láti Ìlú Ọba tàbí Yúróòpù ló ti wá, ó sì bá iná wa mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 120V, 60Hz nìkan ni wọ́n kọ, Amẹ́ríkà ló ti wá. Bí ẹ bá kì í bọ inú iná NEPA wa tó jẹ́ 230V, tiransífọ́mà rẹ̀ yóò gbóná títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi jó, kò sì ní í pẹ́ rárá. Ti Japan tún burú ju èyí lọ, 100V ni tiwọn. Ẹni tó tà á lè sọ fún yín pé step-down ni kí ẹ rà sí i. Òótọ́ ni, step-down yóò sọ 230V di 110V, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó rẹ̀ mọ́ owó rédíò kí ẹ tó pe ọjà náà ní ọ̀pọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí step-down kò lè ṣe, ohun náà ni ó sì gbé Ààfáà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ààfáà yìí ń gbé ní Mọ́kọ́lá. Ọmọ rẹ̀ ló fi rédíò aláago ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà, ó sì ti ra step-down sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó dé, ó ní, "Ẹńjiníà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí o. Mo yí aláàmù rẹ̀ sí aago márùn-ún nítorí ìrun Àsùbáà, ó sì dún ní aago márùn-ún tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa jáde síta, àwọn ọmọ iléèwé ti ń múra." Rédíò náà kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ aago oníná ni kò ní ohun tó ń ka àkókò nínú ara wọn. Iná tí a kì wọ́n bọ̀ ni wọ́n fi ń ka àkókò. Iná Amẹ́ríkà ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, aago náà a ka 60, a sì sọ pé ìṣẹ́jú àáyá kan ti kọjá. Iná tiwa, ìgbà 50 ni. Step-down ń dín agbára iná kù, ṣùgbọ́n kì í yí iye ìgbà yìí padà, nítorí náà aago Amẹ́ríkà a máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí Ààfáà bá to aago rẹ̀ dáadáa ní aago 10 alẹ́, tí iná sì wà títí ilẹ̀ fi mọ́ (ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ojoojúmọ́), ìgbà tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ bá fi máa di 5:00, aago 6 ti kọjá ìṣẹ́jú 24.

Ohun tí mo ṣe sí i kò gbà ju wákàtí kan lọ. Àwọn kan lára rédíò wọ̀nyí ní bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ 50/60Hz sí, nídìí tàbí nínú ibi tí bátìrì ń gbé. Tirẹ̀ kò ní, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú u, mo bá ṣíìpù aago kan tí wọ́n ń pè ní LM8560 nínú rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ nínú rédíò aláago olówó pọ́ọ́kú. Ẹsẹ̀ kan wà lára rẹ̀ tó ń pinnu bóyá 50 ni yóò kà tàbí 60. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o sí ibi tó yẹ, ó parí. Ẹ bi ẹni tó máa ń tún rédíò yín ṣe léèrè bóyá ó lè ṣe èyí kí ẹ tó ra ti Amẹ́ríkà. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú aago yìí kò ní í dúró lójú kan, nítorí pé bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń sáré tó ń fà ni aago náà yóò ṣe máa sáré tí yóò máa fà. Ínfátà kò ní ìṣòro yìí. Aago tó ní krístálì (ohun kékeré tó ń ka àkókò láì gbára lé iná ìlú) nínú ara rẹ̀ kò ní i pẹ̀lú. Bí rédíò bá ń lo ṣájà 100–240V, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé irú rẹ̀ ni.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ mú ọ̀rọ̀ bátìrì wá. Rédíò aláago máa ń ní àyè fún bátìrì 9V tàbí bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnì, kí àkókò má bàa sọnù nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Nínú ilé tiwa, èyí ṣe pàtàkì ju ìjókòó fóònù lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tí ẹnìkan kì í sọ fún oníbàárà ni pé bátìrì pẹlẹbẹ yẹn ń tọ́jú àkókò nìkan. Bí iná kò bá sí ní aago márùn-ún ìdájí, aláàmù kò ní í dún. Ti 9V, àwọn kan máa ń dún, àwọn kan kì í dún. Ẹ dán an wò níbẹ̀: ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi bátìrì tuntun sí i, kí ẹ to aláàmù sí ìṣẹ́jú méjì síwájú, kí ẹ fa wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí ẹ sì dúró. Bí ó bá dún, ẹ ti rí ohun tó dára. Bí kò bá dún, ẹ dá wáyà padà. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú ní 12:00, a jẹ́ pé bátìrì kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan fún un.

Rédíò gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ fa wàhálà. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá máa ń fo ìdá méjì méjì lórí FM, láti 87.9 sí 88.1 sí 88.3, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò wa ló sì bọ́ sí orí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀: Bond FM 92.9, Amúlùdùn 99.1, Splash 105.5, Radio Lagos 107.5. Eko FM tó wà ní 89.75 yóò wọlé ní 89.7. Èyí tó ti Japan wá ni kí ẹ sá fún, torí pé orí 76 ni FM tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í kọjá 90, kò ní í dé ọ̀dọ̀ Bond rárá. Bí wọ́n bá kọ DAB (rédíò díjítà) sára èyí tó ti Ìlú Ọba wá, ẹ rí i dájú pé FM náà wà níbẹ̀, nítorí pé DAB kò wúlò fún wa níhìn-ín. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń ṣe wọ́lẹ́wọ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni eriali. Àwọn tó kó o wá ti sábà máa ń gé e. Wáyà yòówù tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75 lè rọ́pò rẹ̀.

Nípa bó ṣe ń dún, ẹ má ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Nọ́ńbà PMPO tó ń pariwo 500W tàbí 1000W kò sọ ohunkóhun tí etí lè gbọ́. RMS, tó ń sọ agbára tí ẹ̀rọ lè fi dún láìdáwọ́ dúró, ni kí ẹ wá, wọ́ọ̀tì mẹ́ta mẹ́ta lápá ọ̀tún àti òsì sì tó fún yàrá kan. Ẹ gbé fóònù yín sún mọ́ ọn, kí ẹ ní kí ẹnìkan pè yín. Bí sípíkà bá ń ké tí-tí-tí kí fóònù tó dún, a jẹ́ pé wọn kò dáàbò bo inú rẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe yín lóru. Ẹ tún wò ó bóyá iná ojú rẹ̀ ṣe é dín kù. Àwọn búlúù kan mọ́lẹ̀ débi pé ènìyàn lè fi kàwé.

Bí wọ́n bá tò mẹ́ta síwájú mi lórí iye owó kan náà, ti Ìlú Ọba tó ní AUX, àyè bátìrì 9V, tí aláàmù rẹ̀ sì ń dún láìsí iná, ni n ó gbé, kódà bí eyín ìjókòó rẹ̀ bá ti ṣẹ́ tán. Ààfáà ṣì ń lo ti Amẹ́ríkà tirẹ̀. Tecno rẹ̀ ló ń fi wáyà so mọ́ ọn lẹ́yìn láti máa gbọ́ Kùránì, ó sì ti lẹ bébà bo ìjókòó tó wà lórí rẹ̀ kí eruku má bàa wọ̀ ọ́.