Ìdí tí mo fi ń pè é ní àpárá ọkùnrin mẹ́ta

Àpárá kan wà tí wọ́n fi ń gbé agbára ẹnì kan ga kọjá ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ dákun, ta ló kọ́kọ́ pè é ní "jóòkù sùpáhírò"? Onítọ̀hún ò jókòó rò ó. Sùpáhírò ní ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́ o. Superman inú ìwé àwòrán tó ti wà láti 1938 yẹn, tí wọ́n bá ti gbé òkúta kryptonite sún mọ́ ọn, ó parí nìyẹn, ara ẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹni tí wọ́n ń fi dá àpárá tí mò ń sọ yìí, kò síbi tó ti ń rẹ̀ ẹ́, ayé fúnra ẹ̀ ló máa ń yà fún un lọ́nà.

Ẹ jẹ́ n sáré ṣàlàyé ká lè padà sórí orúkọ, torí orúkọ yẹn ló ń dùn mí. Lọ́dún 2005, àwọn ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú àpárá yìí nípa Vin Diesel, òṣèré fíìmù, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e kúrò lórí ẹ̀ lọ sórí Chuck Norris, òṣèré bíi tiẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo, wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìròyìn, ẹnu wọn ò ní mì. Chuck Norris ọ̀hún tí wọ́n bí lọ́dún 1940 ja káràtéè gan-an, ó gba ife-ẹ̀yẹ, kì í ṣe inú fíìmù nìkan ló ti le.

Bí àpárá náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ wá wo rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Igi ẹlẹ́ka méjì tó wà lọ́wọ́ òsì, òótọ́ nìyẹn: ọkùnrin yẹn le lóòótọ́, ẹ̀fọn ń jẹ èèyàn lóòótọ́. Rọ́bà tí ẹ ń fà sẹ́yìn ni irọ́, ẹ sì lè fà á dé Ìkìrun tó bá wù yín, kí igi ṣáà ti dúró gbọin. Òkúta ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀fọn jẹ Chuck Norris lálẹ́, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ ibà ti dá ẹ̀fọn náà gúnlẹ̀. Ó wọ mọ́tò ní Ọláìyá, kó tó mówó jáde kọ́ńdọ́ ti kó ṣéńjì fún un.

Ẹni tó ń fa rọ́bà láìní igi lọ́wọ́, ojú ara ẹ̀ ló máa ta. Bọ̀dá kan lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ní Òkè-Fìà ní Chuck Norris lágbára débi pé ó lè gbé òkè. Ibẹ̀ dákẹ́ lọ. Bàbá kan tó ń dúró kó kàn án wá bi í pé, "Òkè wo?" Bàbá yẹn la padà rẹ́rìn-ín sí.

Ó yá, orúkọ. Àwọn tíṣà ní ká pè é ní àsọrégèé kó tán. Rárá o. Tí mo bá ní ebi ti pa mí kú, àsọrégèé nìyẹn, agbára wo ló wà níbẹ̀? Ẹlòmíì ní "ẹ̀fẹ̀ akọni aláràmàǹdà agbára", kẹ́ ẹ tó pè é tán ẹ ti gbàgbé ẹ̀fẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. (Ìyàtọ̀ ẹ̀fẹ̀ àti àpárá, ẹ má bi mí.) Èyí tó fẹ́ dùn lára wọn ni "àpárá gudugudu méje", ọ̀rẹ́ mi kan ló ń gbé e kiri, a sì ti jà lé e lórí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n gudugudu méje, yààyà mẹ́fà, iṣẹ́ téèyàn ti ṣe là ń kà níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta, èèyàn fúnra ẹ̀ là ń kà. Ẹnì kan dúró, ẹ kà á, ó di mẹ́ta, irọ́ ti wọ inú ìṣirò láti ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bínú. Kí ló tún kù?

Wọ́n á ní ṣebí oríkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe é kẹ̀. Ògún tó lómi sílé tó ń fẹ̀jẹ̀ wẹ̀, ṣé ìyẹn kéré? Ṣùgbọ́n ẹ lọ rẹ́rìn-ín níwájú ọlọ́dẹ tó ń sun ìjálá, kẹ́ ẹ wo ojú tó máa fi wò yín. Oríkì ń gbéèyàn ga kẹ́ ẹ lè bẹ̀rù ẹ̀, àpárá ọkùnrin mẹ́ta ń gbé e ga títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi máa jà lófuurufú.

Àǹtí mi kan ní Ìgbọ̀nà ló fẹ́ bà á jẹ́ fún mi. Ó ní ọkùnrin, ọkùnrin, obìnrin ńkọ́? Ó ní ìyá òun tó ń ta àmàlà ò ṣáná síná rí, igi ìdáná ló máa ń gbaná fúnra ẹ̀ tó bá ti gbúròó wọn. Mo ní ẹ ṣé o Àǹtí, àpárá ọkùnrin mẹ́ta tó pójú owó lẹ sọ yẹn. Ó pòṣé.