"Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Irin Kàn Án": Ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́ àti Kókó Ọmú

"Má jẹ́ kí wọ́n fi irin kàn án o. Tí irin bá ti kàn án, á bínú, á sì tàn ká gbogbo ara." Ọ̀pọ̀ obìnrin tó rí kókó nínú ọmú rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn. Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń wọni lára. Àmọ́ kì í ṣe òótọ́, ó sì ń pa àwọn tí ikú wọn kò tíì yá.

Bí ìgbàgbọ́ náà ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Obìnrin kan rí kókó tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Kò dùn ún, ó pa á tì. Ó mu àgbo, ó gbàdúrà, ó ń retí kí owó wọlé. Ìgbà tí kókó di ńlá, tí awọ ọmú ń rí bí èèpo ọsàn, ló tó dé ọsibítù. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ fún àyẹ̀wò. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó kú. Àwọn ará ilé ní, "Ṣebí ó ń rìn, ó ń yan, kí wọ́n tó gún un." Jẹjẹrẹ ti wọ egungun àti ẹ̀dọ̀ kí abẹ́rẹ́ tó débẹ̀, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n sáà ya àwòrán rẹ̀, ó tán. Àwòrán wúlò gan-an. Mámógíráàmù ń fi ìtànṣán wo inú ọmú. Sikáànì ń fi ìró tí etí kò gbọ́ wò ó, òun ló sì máa ń bá ọ̀dọ́bìnrin mu jù, torí pé ẹran ọmú wọn ki: nínú mámógíráàmù, ẹran funfun, kókó náà funfun. Dókítà tó ń ka àwòrán á fún un ní nọ́ńbà láti 0 dé 6. Tó bá jẹ́ 4 tàbí 5, ìyẹn ni pé ó ń fura sí jẹjẹrẹ, á ní kí wọ́n lọ mú ẹran níbẹ̀. Àwòrán ń fi ìrísí kókó hàn, kì í sọ ohun tó jẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ọmú lè jọ jẹjẹrẹ. Ta ló máa jẹ́ kí wọ́n gé ọmú òun nítorí òjìji?

Gbígún náà kì í ṣe gígé ọmú. Wọ́n á kọ́kọ́ pa ibẹ̀ kú. Abẹ́rẹ́ náà fẹ̀ tó bíi mìlímítà 2, á dún "pà!" bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀. Ohun tó máa mú jáde kò ju ègé sìpàgẹ́tì kékeré lọ. Inú fọ́máálìn, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ló gbọ́dọ̀ wọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó kéré tán fún wákàtí 6, kó má sì ju 72 lọ. Ẹ bójú tó ibí yìí: omi lásán kọ́, ike gbígbẹ kọ́. Ẹran tó bá jẹrà kò ní lè sọ nǹkan kan.

Wọ́n á wá rì í sínú ìda bíi ti àbẹ́là, wọ́n á bẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Irun orí kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Wọ́n á pa á láró: àárín sẹ́ẹ̀lì á dúdú bí ẹ̀lú, ìyókù á pupa rẹ́súrẹ́sú. Ibẹ̀ ni dókítà á ti rí i bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti fọ́ ògiri tó yí wọn ká jáde. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá hómóònù obìnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, tí oògùn tamoxifen á fi ràn án lọ́wọ́, tàbí èròjà ara sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ HER2 ló pọ̀ lára rẹ̀, tí oògùn trastuzumab á fi ṣiṣẹ́. Láìsí ẹran yẹn, oògùn wo la fẹ́ lò?

Ó ku apá kan tí mi ò ní fi pamọ́. Abẹ́rẹ́ lè ti sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Nínú ọmú, púpọ̀ wọn ń kú síbẹ̀ ni. Nínú ẹ̀dọ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ pé jẹjẹrẹ hù lójú ọ̀nà abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n: wọn kì í gba ara àpò ẹpọ̀n gún kókó inú rẹ̀, wọn kì í sì í gún kókó ilé ẹyin obìnrin tí wọ́n bá fura pé jẹjẹrẹ ni, tó sì lè jáde lódindi. Ní 2015, àwọn olùwádìí ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Florida, ní Amẹ́ríkà, wo àwọn tó lé ní 2,000 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí jẹjẹrẹ pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Àwọn tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún tẹ́lẹ̀ kò tètè kú ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n tilẹ̀ pẹ́ láyé jù wọ́n lọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ gún ọ, béèrè bóyá fọ́máálìn wà nílẹ̀, kí o sì gba ẹ̀dà èsì rẹ. Ìda tí wọ́n fi ẹran náà sí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Bí dókítà mìíràn bá fẹ́ tún un wò lọ́dún tó ń bọ̀, òun ló máa gbà lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní tún ọ gún.